Pípààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́ Nínú Àgbàlá: Àyẹ̀wò Ìtàn láti Ìpatà, Ìlọrin

Ìfáárà

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń kọ ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ ìtòpọ̀-ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹjú mọ́: ti Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Ọjọ́ nítòsí Èkó, tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìdajì ìtàn náà wà ní àgbàlá ilé àti lábẹ́ igi mẹkáníìkì. Ìpatà, ọjà ẹran àti oúnjẹ ní Ìlọrin, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó bá a mu, nítorí pé ọkọ̀ ni ọjà fi ń mí.

Ìdí tí ọkọ̀ àtijọ́ fi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́

Ọdún 1967 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀, tí Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀. Owó epo rọ̀bì àti àfikún owó-oṣù Udoji ti ọdún 1974 sí 1975 mú kí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lè ra Ìjàpá tàbí Peugeot 504. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1982, ìjọba fún okùn mọ́ ọjà tí ń wọlé láti òkè òkun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, dọ́là kan tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ kọjá náírà mẹ́rin. Ọkọ̀ tuntun wá di àwòmọ́jú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: ara ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pààrọ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì náà ti gba àtúnṣe

Àìlówó nìkan kò tó láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣẹ̀dá ẹ́ńjìnnì méjèèjì ló yọ̀ǹda fún un. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, atẹ́gùn ni ó ń tù ú, kò sì ní rédíétọ̀. Bọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni ó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ti tú wáyà, rọ́bà epo àti okùn tọ́rótù, wọn a fi jáàkì gbé e, wọn a fà á sẹ́yìn, wọn a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì 504 ní tirẹ̀, ó sì wúwo jù. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń gbé e sókè. Ṣùgbọ́n òun náà ní ẹ̀wù irin inú sílíńdà tí ó ṣeé yọ. Ẹ̀wù tuntun àti pisitíìnì tuntun máa ń dí àlàfo tí ó ti jẹ, láìsí pé ẹ̀rọ ńlá gbẹ́ irin náà. Ọ̀pá kíráǹkì nìkan ni ó sábà máa ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń lọ irin. Ewu kan wà níbẹ̀: bí ẹ̀wù náà kò bá jókòó dáadáa, omi yóò dà mọ́ ọ́ìlì, iṣẹ́ yóò sì di àtúnṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ láìtún ìwé náà ṣe lè rí ìyọnu níwájú ọlọ́pàá. Nítorí náà, ìwé ọkọ̀ náà jẹ́ orísun ìtàn fún olùwádìí. Orísun kejì ni ẹnu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tiwọn, tí wọ́n sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ bákan náà láìkọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ìgúnlẹ̀

Oṣù keje ọdún 2003 ni Ìjàpá àtijọ́ tí ó kẹ́yìn jáde ní Mẹ́síkò. Ọkọ̀ tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà darí epo, etí mẹkáníìkì nìkan kò sì tó láti mọ àìsàn rẹ̀ mọ́. Bí àwọn tí ó mọ ọgbọ́n àtijọ́ bá lọ kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ìtàn ilé-iṣẹ́ nìkan ni yóò kù. Yóò sì dà bí ẹni pé ọjọ́ tí ọkọ̀ jáde ní Kàdúná tàbí Ọjọ́ ni ìtàn rẹ̀ parí.