Erédò Sùngbọ́: Yàrà Tí Ó Yí Ìjẹ̀bú Ká

Ní ọdún 1977, láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé, àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé péjọ sí ìlú Èkó láti fi àṣà àti iṣẹ́ ọnà wọn han ayé. Nítorí àwọn àlejò wọ̀nyí ni a ṣe kọ́ Festac Town ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kan wà tí kò ṣe é gbé wá sí gbọ̀ngàn àfihàn kankan. Ó wà nínú igbó ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Èkó kan náà, lókè Ẹ̀pẹ́, títí wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Erédò Sùngbọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, òkúta ni wọ́n fi ń kọ́ ilé olódi sí ẹnu ọ̀nà tí ó la àárín òkè kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Igbó àti ọ̀sà ni Ìjẹ̀bú ní, kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́. Wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn, wọ́n sì kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú láti fi ṣe odi. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó mítà 20, èyí tí ó ga ju ilé alájà márùn-ún lọ. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1959. Patrick Darling sì tọ ipa rẹ̀ kiri nínú igbó ní àwọn ọdún 1990.

Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Bílíkísù Sùngbọ́, tí kò bímọ, ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parun. Òkè-Èrí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni a ti ń bẹ ibojì rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn tẹ̀ síwájú, wọ́n ní Ọbabìnrin Ṣébà gan-an ni, nítorí pé Bílíkísù ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìgbà ayé Sólómọ́nì ni ti Ṣébà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ọdún kí a tó bí Kírísítì. Àwọn onímọ̀ ìṣáájú fi yàrà yìí sí nǹkan bí ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Kírísítì. Ìwádìí àìpẹ́ nínú ilẹ̀ sì fi í sí òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 1505 sí 1508, ó ti mẹ́nu kan Ìjẹ̀bú gẹ́gẹ́ bí ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká. Nítorí náà, kò lè jẹ́ Ṣébà.

Èyí kò sọ ìtàn àtẹnudẹ́nu di irọ́. Ó pa á mọ́ fún wa pé alágbára kan pàṣẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ pé ọbabìnrin ilẹ̀ òkèèrè ni ó kọ́ ọ, ó ti gba iyì iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ènìyàn mélòó ni yóò ṣọ́ 160 kìlómítà tọ̀sán-tòru? Èrò tèmi ni pé ààlà ni ju ibi ìjà lọ: ó ń darí ẹsẹ̀ gbogbo èrò sí ẹnu ibodè. Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti òkè ọjà; ẹni tí ó bá sì di ọ̀nà mú ni ó di òwò mú. Ìdí nìyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbógun tì wọ́n ní ọdún 1892. Láti Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun náà ti gòkè. Etí odò Yemoji, nítòsí Ìmàgbọn, ni Ìjẹ̀bú ti dojú kọ wọ́n ní ọjọ́ 19 oṣù Èbìbí. Ìbọn arọ̀jò-ọta ni ó ṣẹ́gun wọn.

Ní ọdún 1995, orúkọ Erédò wọ ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé. Síbẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e, ilé ń sún mọ́ ọn, òjò sì ń wọ́ odi rẹ̀ sínú yàrà. Ohun tí ogun kò wó, katakata lè wó o ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ síbẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà kí wọ́n wòkè. Wọn yóò mọ bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó kí wọ́n tó béèrè ẹni tí ó ṣe é.