Àjàlá Kì Í Ṣe Alárìnkiri Lásán

Bí ọmọ kan bá ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún jù, àwọn àgbà á ní, "Àjàlá, o tún ti dé!" Orin Ebenezer Obey ló tan orúkọ náà kálẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè é kò mọ ìdí tí Àjàlá fi ń rìn.

Ọlábísí Àjàlá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ibẹ̀ dé Los Angeles ní ọdún 1952. Ọ̀nà náà lé ní 2,000 máìlì. Aṣọ ilẹ̀ wa ló wọ̀. Níbi tó bá dúró, á sọ̀rọ̀ nípa Áfíríkà, nítorí àwọn kan níbẹ̀ gbà pé ìhòòhò là ń rìn. Yorùbá ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Àwa ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ló bá wí lọ́dún náà. Nígbà tí wọn kò wá sí oko wa, Àjàlá gbé ìròyìn oko lọ bá wọn.

Lẹ́yìn náà, ó gun alùpùpù kékeré kọjá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ó dé Íńdíà, Íjíbítì àti Ísírẹ́lì. Ó bá Nehru, olórí ìjọba Íńdíà, sọ̀rọ̀, ó sì bá Golda Meir ti Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nàìjíríà kò tíì gba òmìnira nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀, kì í sì í ṣe ìjọba ló rán an.

Ní ọdún 1963, ìwé rẹ̀, An African Abroad, jáde. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù. Ní ọdún 1826, Clapperton, ará Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ojú irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀ ni ayé fi ń wò wá. Àjàlá yí i padà: ọmọ Yorùbá ló ń wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, òun náà ló ń ròyìn rẹ̀.

Àjàlá kú ní Èkó ní ọdún 1999. A mú orin, a gbàgbé ìwé. Ẹni tó bá tún fẹ́ pe ọmọ kan ní Àjàlá, kó kọ́kọ́ bi í pé: kí lo kọ sílẹ̀?