Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ fún Àpò Omi inú Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni jẹjẹrẹ. Nígbà mìíràn, àpò omi ni ó fara sin sínú egungun, tí ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀ láìdun ènìyàn, títí egungun yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó sì lè dá.

Ní ayé àtijọ́, ojú àti ìka ọwọ́ ni oníṣègùn fi ń wá a. Bí ó bá tẹ ibi tí ó wú, tí ó sì gbọ́ ìró bí ti èèpo ẹyin tí ń sán, a jẹ́ pé egungun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n títú omi náà dànù nìkan kò tó: awọ tí ó tẹ́ inú àpò náà ṣì wà níbẹ̀, bí ojú ihò bá ti padé, omi yóò tún kún un.

Carl Partsch ni ó la ọ̀nà, ní ìlú Breslau tí í ṣe ti Jámánì nígbà náà, tí a ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Póláǹdì lónìí. Ní ọdún 1892, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè gé fèrèsé sára àpò náà, kí awọ inú rẹ̀ lè di ọ̀kan pẹ̀lú awọ ẹnu. Omi kò ní í rí ibi sé mọ́, egungun yóò sì máa hù padà.

Ní ọdún 1895, Röntgen ṣàwárí X-ray. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Otto Walkhoff ya àwòrán eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi wà láìmira. Láti ìgbà náà ni a ti lè rí ohun tí egungun bò mọ́lẹ̀. Ní 1910, Partsch ṣàlàyé ọ̀nà kejì: kí a yọ gbogbo àpò náà, kí a sì rán èrìgì padé. Ọ̀nà méjèèjì ni a ṣì ń lò.

Síbẹ̀, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú àwòrán, ameloblastoma, tí í ṣe kókó tí ń jẹ egungun run, lè jọ àpò omi lásán. Nítorí náà ni a fi ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Keratocyst, tí Philipsen sọ lórúkọ ní 1956, a máa padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ kókó ní 2005, wọ́n sì dá a padà sáàárín àwọn àpò omi ní 2017. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe eré: orúkọ tí a bá fún àrùn ni ó ń sọ bí egungun tí a óò gé yóò ti pọ̀ tó. Abẹ tí kò dúró de ìwádìí lè gé ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè fi gbòǹgbò àrùn sílẹ̀.