Orin Ta Ni A Ó Fi Sin Òkú?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú ni. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò ní kàn, ohun tí yóò sì kan gbogbo ilé, ó yẹ kí a mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé òkú kan ní etí òkun Àgbádárìgì. Bàbá àgbà kan ni ó papò dà. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ, ó ti ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò bàbá, tí í ṣe olórí ẹbí, ti pe àwọn onílù ilé. Ọmọ bàbá lóbìnrin tí ó ti Èkó wá sọ pé orin olórin jùjú kan ni bàbá òun máa ń gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí í máa ń mú un rẹ́rìn-ín, òun ni kí wọ́n fi gbé bàbá jáde. Pósí wà láàárín, àwọn mẹ́ta kọjú ìjà sí ara wọn. Ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà nìkan ni kò lè sọ̀rọ̀.

Irú ìjà báyìí ti tú ọ̀pọ̀ ẹbí ká. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lókèèrè lè rò pé orin ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ jà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, ta ni ó ni òkú? Ṣé ìjọ ni, tàbí ẹbí, tàbí òkú fúnra rẹ̀? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní Àgbádárìgì ju ibi púpọ̀ lọ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀sìn Kristi ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa.

Kí àwọn oníwàásù tó dé, àwọn Ègùn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ògù, àti àwọn Yorùbá ni wọ́n jọ ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà yìí. Inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, kí ó má baà jìnnà sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ti orin, kì í ṣe orin kan náà ni wọ́n ń kọ fún gbogbo òkú. Bí ọdẹ bá kú láàárín Yorùbá, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò wá sun ìrèmọ̀jé fún un. Bí babaláwo bá kú, àwọn awo ni yóò wá ṣe tiwọn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn, Sàǹgbétò, òrìṣà olùṣọ́ òru tí ó ń wọ koríko gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, a máa jáde pẹ̀lú ìlù àti orin tirẹ̀. Ní ìhà Abomey, ní ilẹ̀ Dàhòmì àtijọ́, ìlù òkú kan wà tí wọ́n ń pè ní zinli. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sì ń fi lu ẹnu rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí kókó yìí. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ayé òde òní ni ó kọ́ wa pé kí olúkúlùkù ní orin tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe àti ẹgbẹ́ tí ó wọ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni ó ń yan orin fún un. Ẹni tí ó wọ ẹgbẹ́ ọdẹ ti mọ orin tí wọn yóò fi sin òun kí irun orí rẹ̀ tó funfun.

Wàyí o, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Adúláwọ̀ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti gba òmìnira ní Sàró, tí wọ́n sì ti padà sílé, ni wọ́n kọ ìwé pé kí oníwàásù wá. James Ferguson ni a rántí jù nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé bá Freeman. Wọ́n jọ ṣe ọdún Kérésìmesì lábẹ́ igi Agia. Igi náà wó ní ọdún 1959, ṣùgbọ́n òkúta ìrántí wà ní ojú ibẹ̀ títí di òní.

Àwọn onígbàgbọ́ tuntun gba àṣà ìsìnkú tuntun pẹ̀lú ẹ̀sìn tuntun. Ilẹ̀ ìjọ di ibi tí a ń sin òkú sí dípò ilé. Àlùfáà ni ó ń ka ìwé àdúrà lórí ibojì, orin ìwé ni wọ́n sì ń kọ. Orin ìwé yìí ní wàhálà kan nínú. Ohùn orin náà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n yí sí Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ wò ó: tí a bá pe “ọ̀run”, ohùn wa a lọ sílẹ̀, a sì gòkè díẹ̀. Tí a bá pe “ọrùn”, ohùn wa a ti òkè díẹ̀ wá sílẹ̀. Bí ohùn orin òyìnbó bá ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ “ọ̀run” wà, ẹni tí ó ń gbọ́ yóò gbọ́ “ọrùn”. Ẹnì kan ń tu ọlọ́fọ̀ nínú pé bàbá rẹ̀ ti lọ sí ọ̀run, ọlọ́fọ̀ sì gbọ́ pé ọrùn ni bàbá lọ! Ti àwọn Ègùn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí èdè Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí wọn. Ọdún 1923 ni odindi Bíbélì jáde ní èdè Gùn.

Àwọn ọmọ ìjọ kan rí i pé ohun kan kù. Ní ọdún 1888 ni ìjọ Onítẹ̀bọmi Ìbílẹ̀ dá dúró ní Èkó, ní ọdún 1891 ni ìjọ United Native African bẹ̀rẹ̀, African Church sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1901. Nínú ìwàásù olókìkí kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1902, Mọjọlá Agbèbí sọ pé ìwé orin òyìnbó àti dùùrù kì í ṣe gbòǹgbò ẹ̀sìn Kristi, pé aṣọ tí a wọ̀ fún un lásán ni. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn sí ohùn ilé. Ní ọdún 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì gba orin rẹ̀ mẹ́tàlélógójì sínú àwo. T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà ṣọ́ọ̀ṣì Kristi ní Èkó láti ọdún 1914 títí di ọdún 1962, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Òun náà fẹ́ kí ohùn orin máa bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn.

Tí a bá kọjá ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, a óò rí nǹkan ìyanu méjì. Èkíní ni orin Ajogan. Ọ̀pá tí ó ní òrùka irin, tí ń dún wọnwọn, ni wọ́n fi ń lù ú. Orin ọba ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àwòrán ẹyẹ ọba ni ó sì wà lórí ọ̀pá náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n yọ ẹyẹ kúrò, wọ́n fi àgbélébùú sí i. Èkejì ni ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Biléhou Oschoffa, gbẹ́nàgbẹ́nà, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1947. Àwọn ọmọ ìjọ náà gbà gbọ́ pé nípasẹ̀ Ẹ̀mí ni wọ́n fi gba orin wọn, èdè Gùn àti Yorùbá sì pọ̀ nínú rẹ̀. Orin tí àwọn àgbà kan ìbá pè ní ti ilé ti di ti ìjọ. Ògiri tí a rò pé ó wà láàárín wọn ní ilẹ̀kùn.

Àwọn Mùsùlùmí etí òkun yìí ní ọ̀nà tiwọn. Wọ́n ń yára sin òkú. Ní òòró ni wọ́n ń kí ìrun sí i lára, kò sí ìtẹríba nínú rẹ̀, kò sì sí ìlù. Séríkí Faremi Williams Abass, tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní èwe, tí ó sì padà wá di ẹni ńlá ní Àgbádárìgì, kú ní ọdún 1919. Ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé rẹ̀ títí di òní. Ẹ wò ó bí ó ti rí: Mùsùlùmí pàtàkì ni, síbẹ̀ ilé ni ó sùn sí bí àwọn àgbà ìṣáájú.

Orin fàájì pàápàá kò gbẹ́yìn. Nígbà tí Dókítà Ògúntọ́lá Sapara, tí ó bá àrùn ṣọ̀pọ̀ná jà ní ilẹ̀ wa, kú ní ọdún 1935, Túndé King, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin jùjú ní Èkó, kọ orin ìdárò rẹ̀ sínú àwo. Nítorí náà ọmọbìnrin tí ó fẹ́ orin jùjú fún bàbá rẹ̀ kò mú ohun àjèjì wá. Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn olórin jùjú ti ń dárò òkú.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1880, bí ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì bá kú tí wọ́n sì fẹ́ sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin gbà láàyè láti ṣe ìsìn rẹ̀. Òfin ọdún náà ni ó tú wọn sílẹ̀ láti pe àlùfáà tiwọn, tàbí kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni. Ó túmọ̀ sí pé nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń sin òkú wọn bí ó ti wù wọ́n ní Àgbádárìgì, àwọn ará wọn nílé kò tíì rí àyè bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ìlú New Orleans, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà a máa fi fèrè sin òkú. Orin ìjọ tí ń fà jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń fọn lọ sí itẹ́. Bí wọ́n bá ti fi òkú sílẹ̀, wọ́n a gbé orin ijó. Wọ́n fún ìjọ ní wákàtí tirẹ̀, wọ́n fún ìgboro ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí nílé wa. Ní oṣù keje ọdún 2025, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà. Ìlànà Ìsìláàmù ni wọ́n fi sin ín. Inú àwọn kan nínú àwọn ọlọ́ṣùgbó kò dùn, wọ́n ní wọn kò jẹ́ kí àwọn ṣe ètò ọba. Àwọn mìíràn ní ohun tí ọba fúnra rẹ̀ fẹ́ ni wọ́n ṣe. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ ní ààfin, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilé tálákà?

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé kò sí orin ìsìnkú kan tí ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ayé. Orin ìwé tí a ń pè ní ti ìjọ, àjèjì ni nígbà kan. Orin Ajogan tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ti ààfin ni tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí kí ó máa pe orin ọmọnìkejì rẹ̀ ní ohun ìríra.

Ṣùgbọ́n ó tún kọ́ wa pé ìjọ ní ìlànà, ẹbí náà sì ní ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àlùfáà sin òun, kí ó má retí pé àlùfáà yóò jókòó ti orin jùjú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àgbàlá ilé wà fún ìyẹn, òru àìsùn sì gùn. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àyè tó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí a bá lè fi sùúrù pín ọjọ́ náà.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ènìyàn sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu ṣì wà. Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ tí ènìyàn wọ̀ ti bá a sọ ọ́. Lónìí, ẹnì kan lè jẹ́ ọmọ ìjọ ní ọjọ́ Àìkú, kí ó jẹ́ ọmọ ilé Ègùn ní ọjọ́ ọdún, kí ó sì fẹ́ràn orin jùjú ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ta ni yóò mọ èyí tí ó fẹ́ bí kò bá wí? Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín, kí ẹ má sì sọ fún ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ pe olórí ẹbí mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ẹ ń pe ikú. Ìjà ni ẹ ń lé jìnnà sí ilé. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bi bàbá àgbà àti ìyá àgbà yín léèrè orin tí wọ́n fẹ́ràn, kí ẹ sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ṣì lè gbè é.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ìjà sin àgbà wa. Ó dìgbóṣe.