Bí Ikú Ọba Ṣe Ń Di Ìròyìn Lóko Ìbàdàn

Ọjọ́ 7, oṣù Keje, ọdún 2025 ni Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn, Olúbàdàn kẹtàlélógójì, wàjà. Ọjọ́ méjì ṣáájú ni ó pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, kò sì tíì pé ọdún kan tó gorí ìtẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ ìròyìn ló gbé e. Wọ́n ní ọ̀gá ṣọ́jà tó fẹ̀yìn tì ni, wọ́n ní ó ti ṣe aṣòfin rí, wọ́n ka àwọn oyè tó jẹ kó tó dé ipò Balógun. Ibi tí ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé wọ́n bí i sí, Okugbaja, abúlé kan ní ìhà Akanran ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi kọjá níbẹ̀. Ọmọ oko ni Kábíyèsí.

Gbólóhùn kan yẹn ló mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà nígboro, mẹ́fà wà lóko: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Olúyọ̀lé àti Ìdó. Ọba kan náà ló ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ọba bá wàjà, Mápó, Pópóyemọja àti Aliiwo nígboro ni kámẹ́rà máa ń kọjú sí. Ará oko ń gbọ́ ìròyìn náà, kò sí nínú rẹ̀. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ikú ọba kò kan oko, kó wo Ìjàyè. Lónìí, ìlú kékeré tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé ni, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ní ọdún 1859, ìlú ogun ni, Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló sì ń pàṣẹ níbẹ̀. Ọdún náà ni Aláàfin Àtìbà wàjà l'Ọ́yọ̀ọ́. Àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Àtìbà ti ṣètò kó tó kú pé kí Adélù ọmọ rẹ̀ rọ́pò òun. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kò ní forí balẹ̀ fún ọba tí òfin ní kó ti bá bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀ràn mìíràn wà nílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè tẹ́lẹ̀, lóòótọ́, àmọ́ ikú Àtìbà ló fi iná sí i. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1860, Kúrunmí kú ní 1861, Ìbàdàn sì tú Ìjàyè ká pátápátá ní 1862. Àwọn ará Ìjàyè tó ṣẹ́ kù fọ́n ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn forí lé Abẹ́òkúta.

Ní Abẹ́òkúta náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend, míṣọ́nnárì kan, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Àwọn Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè nínú ogun yẹn. Ọdún kan náà ni ìwé ìròyìn Yorùbá dé ayé, tí ikú ọba kan sì dá ìjà ńlá sílẹ̀ lẹ́bàá Ìbàdàn. Ìgbà yẹn, ìròyìn ikú ọba tó dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ lè sọ ọ́ di ẹrú tàbí ìsáǹsá.

Kí ìwé ìròyìn tó wà, àwọn ìjòyè ló ń pinnu ìgbà tí ikú ọba yóò di ọ̀rọ̀. Ọba kì í kú. Ó wọ àjà ni. Títí ètò yóò fi parí, ẹni tó bá béèrè á gbọ́ pé ara Kábíyèsí ń fẹ́ ìsinmi. Ìdí wà fún un: ẹrù ààfin wà láti kó pamọ́, àwọn ọmọ ọba tó wà lájò ní láti dé, àwọn ètùtù kan sì wà tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ tó. Ará oko á kọ́kọ́ gbọ́ ọ lọ́jà. Ẹni tó ru iṣu lọ sí Ọjàaba á padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí etí, bí ó bá sì di ọjọ́ ọjà mìíràn, gbogbo abúlé ti mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde. Nígbà tí akéde bá wá jáde, ohun tí ó ń sọ kò jẹ́ tuntun mọ́. Ó kàn fún àwọn èèyàn láyè láti sunkún ní gbangba ni.

Reluwé dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì tẹ̀síwájú gba Lálùpọn ní Lágelú kọjá lọ sí Òṣogbo. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígboro ní ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Ní 1939 ni rẹ̀dífúṣọ̀n wọ Ìbàdàn, ìyẹn àpótí tó ń sọ̀rọ̀ láti inú wáyà tí wọ́n fà wọ ilé. Nítorí wáyà yẹn, ìgboro ló jẹ. Oko kò rí i. Nígbà tí Nigerian Tribune bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, olùkọ́ ilé ìwé tàbí kátíkíìsì ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún ará abúlé. Rédíò alágbèéká, asọ̀rọ̀mágbèsì, ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Bátìrì nìkan ni ó ń fẹ́. Ó lè bá àgbẹ̀ dé inú ebè, ó sì ń sọ Yorùbá.

Ọdún 1964 ni Ìbàdàn kọ́kọ́ rí bí ayé tuntun yìí ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọba. Olúbàdàn méjì ló wàjà lọ́dún yẹn. Ọba Isaac Babalọlá Akínyẹlé, Kristẹni àkọ́kọ́ tó jẹ Olúbàdàn, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, lọ ní oṣù Karùn-ún. Ọba Yésúfù Kobiowu gorí ìtẹ́ ní oṣù Keje, òun náà sì lọ ní oṣù Kejìlá. Tẹlifíṣọ̀n WNTV ti pé ọdún mẹ́rin ó lé ní Ìbàdàn nígbà náà, rédíò sì ti ń sọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọba tí òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn àwọn ọba ṣáájú rẹ̀ sílẹ̀ kò lè lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Láti ìgbà yẹn lọ, ikú Olúbàdàn kì í sábà pẹ́ kó tó dé oko.

Àṣà ìbòmọ́lẹ̀ kò tètè kú ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀ ní 2015. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ìròyìn jáde pé Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé ti wàjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìjòyè Ifẹ̀ jáde sí gbangba, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní ara ọba le. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó lọ fi tó gómìnà létí, ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ. Ní àkókò yẹn, ayé gbogbo ti ń kẹ́dùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ààfin ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Àwọn kan fi àwọn ìjòyè ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò bá wọn ṣe é. Ìjòyè tó ń pa àṣẹ àtijọ́ mọ́ kì í ṣe onírọ́ lójú ara rẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe mọ́, kò sì sí ẹni tó bá wọn wá ọ̀nà mìíràn.

Ìbàdàn kò ní irú wàhálà yẹn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ètò oyè rẹ̀. Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ ní àjẹyípo. Ẹni tó kàn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kò sí ìdí púpọ̀ láti bo ikú ọba mọ́lẹ̀. Ẹ fi èyí wé Ọ̀yọ́: Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, oṣù Kìíní ọdún 2025 ni wọ́n tó kéde ẹni tó rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀, ìlú Ìbàdàn ti rí ọ̀fọ̀ lemọ́lemọ́ láìpẹ́ yìí. Ọba Samuel Odùlànà lọ ní ọjọ́ 19, oṣù Kìíní, ọdún 2016, lẹ́ni ọdún 101. Ọba Sàlíù Adétúnjí lọ ní ọjọ́ 2, oṣù Kìíní, ọdún 2022. Ọba Lékan Balógun lọ ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, nínú oṣù Ramadan. Lẹ́yìn náà ni Ọlákùlẹ́hìn.

Ti Ọba Adétúnjí ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ilé ìwòsàn UCH ló dákẹ́ sí. Mùsùlùmí ni, ọjọ́ náà ni wọ́n sì sin ín sí Pópóyemọja kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí ẹ̀sìn wí nìyẹn, kò sì ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹni tó wà lóko Ìjàyè tàbí lẹ́yìn Akanran. Bí ó bá gbọ́ lórí rédíò ní ọ̀sán, kó tó wẹ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀, kó tó rí ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà dé títì, wọ́n ti ń bo yẹ̀pẹ̀. Ìròyìn ń yára ju ọ̀nà lọ báyìí. Nígbà àtijọ́, ìròyìn àti èèyàn jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà ni.

Ohun tó gba ojú ìwé ìròyìn lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni ẹjọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí ti dé àwọn ìjòyè àgbà àti àwọn baálẹ̀ ìgbèríko kan ní adé, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógún. Ilé ẹjọ́ fagi lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2018, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ń jà nílẹ̀ nígbà tí Kábíyèsí wàjà. Àwọn kan ní ìjòyè tó ti dé adé kò lè di Olúbàdàn mọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi jiyàn lórí àwọn ìjòyè nígboro. Àwọn baálẹ̀ tí adé kan ńkọ́? Mo wá ohùn wọn nínú ìròyìn àkókò náà, díẹ̀ ni mo rí.

Kì í ṣe pé ohùn kò sí lóko. Amúlùdùn FM, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀ tó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, Mọ́níyà ní Akínyẹlé ló wà. Ọjọ́ tí ọba bá wàjà, àwọn olùgbọ́ a máa pe àwọn rédíò Ìbàdàn lórí fóònù, wọ́n á máa ki ọba, wọ́n á máa sọ oore tó ṣe fún ìdílé wọn. Ohùn àgbẹ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde lẹ́nu, ó lọ nìyẹn. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, tí àwọn ọmọ wa yóò kà, ni ìkẹ́dùn gómìnà, ti sẹ́nétọ̀ àti ti ààrẹ orílẹ̀-èdè.

Ẹ wo bí àwọn mìíràn ṣe mú ìròyìn dé ìlú kéékèèké. Nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kú ní ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022, ọjọ́ 19, oṣù náà ni wọ́n tó sin ín. Tẹlifíṣọ̀n kò gbé nǹkan mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì sú àwọn kan. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó wù mí: wọ́n ka ìkéde ọba tuntun ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà wọ́n tún kà á sókè ní ìlú kan sí òmíràn, títí dé àwọn ìlú kéékèèké. Gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì tún wá dúró láti gbọ́ ọ níwájú gbọ̀ngàn ìlú tiwọn. Akéde ni àwa ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ní in kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lẹ́yìn ìkéde ikú, àìsí ọba pàápàá kan oko. Láàrin oṣù Kìíní ọdún 2022 àti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà mẹ́ta ni àga Olúbàdàn ṣófo. Láti ikú Adétúnjí títí di ìwúyè Lékan Balógun jẹ́ ọjọ́ 68. Ti Balógun títí di ti Ọlákùlẹ́hìn jẹ́ ọjọ́ 120. Ti Ọlákùlẹ́hìn títí di ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, tí Ọba Ràṣídì Ládọjà gba adé ní Mápó, jẹ́ ọjọ́ 81. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 269. Olúbàdàn ló ń fọwọ́ sí baálẹ̀ àti mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé. Abúlé tí baálẹ̀ rẹ̀ bá kú ní àkókò bẹ́ẹ̀, ìdílé tó ni oyè lè ti fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó kàn, kò sí ẹni tí yóò fi jẹ ẹ́. Ìjà ààlà oko kì í sì í dúró de ìwúyè, àwọn tó ń ta ilẹ̀ fún àwọn tó ń sá kúrò nígboro kì í sì í sinmi nítorí ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ọjọ́ 269 yìí, kó wọ ọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà, Ìyànà Ọ̀fà, Ẹgbẹ́dá àti Akanran, kó sì bi àwọn ìdílé tí àga baálẹ̀ wọn ṣófo nígbà náà léèrè ẹni tó bá wọn gbọ́ ẹjọ́.