Abólọ́rùn
Abólọ́rùn ni adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. “Bó” inú orúkọ náà lè mú ni rò pé kòkòrò ara tàbí ìjà ló bó o. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti inú ẹyin ni òròmọdìyẹ rẹ̀ ti ń gbé ọrùn pípá jáde. Àjogúnbá ni. Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kan fi ń ní ìyẹ́ lọ́rùn? Àkùkọ tó jogún ọrùn bíbó lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni kí ẹ wò: ìdì ìyẹ́ kékeré máa ń wà níwájú ọrùn rẹ̀. Bí ó bá gun àgbébọ̀ tí ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀, nǹkan bí ìdajì ọmọ wọn ni yóò jọ ìyá. Àwọn tó ń pe ọrùn bíbó ní àléébù gbàgbé ooru ilẹ̀ wa: ara tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ a máa tètè tutù.