Owó Údójì Dé, Iṣẹ́ Ńkọ́?

Ní Ìkòsì níbí, kí àkùkọ tó kọ ni òṣìṣẹ́ ti ń jí. Ẹni tó bá fẹ́ dé Erékùṣù Èkó kí aago mẹ́jọ tó lù, dandan ni kó ti dé ibùdókọ̀ Kétu kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Iwájú ilé ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa wò wá bí a ti ń sáré kọjá. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò rí owó Údójì."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lọ́dún náà?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ kẹ̀? Owó là ń kà."

Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́. Ní 1972 ni ìjọba Ọ̀gágun Gowon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, Olóyè Jerome Udoji ni alága, kí wọ́n yẹ iṣẹ́ ìjọba wò láti òkè délẹ̀. Ní 1974 wọ́n jábọ̀. Owó epo ń ya wọlé nígbà náà bí àgbàrá òjò. Ìjọba sọ owó iṣẹ́ tó kéré jù di 720 náírà lọ́dún, ìyẹn 60 náírà lóṣù, wọ́n sì san àríásì ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó máa ra alùpùpù rà á, ẹni tó máa ra fíríìjì rà á, ẹni tó máa fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó náà ò jáfara.

Ayọ̀ ọ̀hún ò tọ́jọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, àwọn tí owó náà ò kàn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, àfi kí wọ́n fi kún tiwọn náà. Ọjà gbówó lórí, onílé fowó lé owó ilé.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé Údójì kì í ṣe ìwé owó nìkan. Ó ní kí òṣìṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó tún ní kí ọ̀gá yéé kọ ìwé àṣírí nípa ọmọ iṣẹ́, kí onítọ̀hún máa rí ohun tí wọ́n kọ nípa òun. Ọ́fíìsì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dá mi dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ta. Owó oṣù mi ń pé, àmọ́ ọwọ́ mi ò yá sí iṣẹ́ mọ́. Mo kàn ń lọ, mo ń bọ̀ ni.

Mo bi Bàbá bóyá ẹnikẹ́ni ka apá ibẹ̀ yẹn sí wọn létí lọ́dún náà. Wọ́n ní ẹni tó wá pe orúkọ fún àríásì nìkan làwọn rí.